Bí ẹ ṣe lè rí i pé ẹni tó tọ́ sí ni orúkọ ẹ̀ wọ ìwé owó ìrànwọ́ ìjọba ládùúgbò yín

Ọ̀pọ̀ wa, ọjọ́ tí owó bá jáde la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń pariwo, a ó ní ìyàwó káńsẹ́lọ̀ gbà, àbúrò ṣíámáànù gbà, màmá arúgbó tó wà lẹ́yìnkùlé wa ò rí kọ́bọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ti pẹ́ jù. Ìpàdé àdúgbò kan ni wọ́n ti yan àwọn tó ń gbowó yẹn, ó lè ti lé lọ́dún kan sẹ́yìn, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí níwájú ilé Baálẹ̀, àwọn tó gbọ́ lọ, àwọn tí ò gbọ́ wà lóko, àwọn mí ì wà lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ètò yìí lọ bó ṣe yẹ, ìpàdé yẹn ni kó dì mú. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, bóyá akọ̀wé CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) ni yín o, ìyá ìjọ, ọ̀dọ́ àdúgbò, lándílọ́ọ̀dù, tàbí ẹni tó kàn ní aládùúgbò kan tí ìyà ń jẹ tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni ìwé yìí gan-an

National Social Register ni wọ́n ń pè é, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìdílé tí ò rọ́wọ́ họrí sí káàkiri Nàìjíríà. Ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní NASSCO ló ń bójú tó o l'Ábújá, ọdún 2016 ni ètò yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ World Bank, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka tiẹ̀ tó ń jẹ́ SOCU. Ẹ fi SOCU yìí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ìwé yìí fúnra ẹ̀ kì í ṣe owó. Orúkọ yín lè wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ má rí alẹ́ẹ̀tì kankan fún ọdún púpọ̀, torí ètò kọ̀ọ̀kan ló ń wá mú orúkọ tó bá nílò níbẹ̀. Owó 5,000 náírà lóṣù tí wọ́n ń san nígbà Bùhárí, inú ìwé yìí ni wọ́n ti mú àwọn tó gbà á, àti pé apá kan nínú owó yẹn wá láti inú 322.5 mílíọ̀nù dọ́là tí Switzerland dá padà nínú owó Abacha ní ìparí ọdún 2017. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn máa fún ìdílé mílíọ̀nù 12 ní 8,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́fà, aráàlú yarí, wọ́n ní àwọn máa tún un wò, nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún yẹn wọ́n kéde 25,000 náírà lẹ́ẹ̀mẹta fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Inú ìwé yìí kan náà ni.

Kí ló dé tí ẹni tó wọlé àti ẹni tí ò wọlé fi ṣe pàtàkì tó báyìí? Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Àjọ tó ń ka ìṣirò fún ìjọba, NBS, sọ lọ́dún 2022 pé èèyàn mílíọ̀nù 133 ló wà nínú ìṣẹ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà ní Nàìjíríà. Ká tiẹ̀ ní èèyàn márùn-ún ló wà nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 15 ìdílé ò ju mílíọ̀nù 75 èèyàn lọ. Tí gbogbo ẹ̀ bá tiẹ̀ lọ bí wọ́n ṣe kéde ẹ̀, tálákà púpọ̀ máa wà níta. Torí náà ẹni kan tí kò yẹ tó bá wọlé, ó ti gbapò ẹlòmíì nìyẹn, kì í ṣe owó ìjọba nìkan ló jẹ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfin tàn yín. Òótọ́ ni pé ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 16, sọ pé kí ìjọba tọ́jú arúgbó, aláìsàn, àwọn tí ò níṣẹ́ àti àwọn tó ní ìpèníjà ara, àmọ́ orí kejì ìwé òfin yẹn ló wà, ìwé òfin yẹn kan náà ló sì sọ pé ẹ ò lè torí ẹ̀ gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ìyẹn ni pé kò sí adájọ́ tó máa sọ pé kí wọ́n kọ orúkọ màmá yín. Àwọn èèyàn tó jókòó ní ìpàdé ló máa sọ ọ́.

Ìpàdé àdúgbò

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi máàpù ìṣẹ́ mú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí nǹkan ti le jù. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tí wọ́n ti dá lẹ́kọ̀ọ́ á wá bá Baálẹ̀ àti àwọn àgbà, wọ́n á dá ọjọ́. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n á ní kí ọkùnrin jókòó lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, kí ìkọ̀ọ̀kan sọ ohun tí wọ́n mọ̀ sí ìṣẹ́ ní àdúgbò yẹn kí wọ́n sì dárúkọ àwọn ilé tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ jọ, wọ́n á kà á sétí gbogbo èèyàn.

Tí wọ́n bá fẹ́ kó gbogbo yín jókòó pọ̀ kó lè tètè parí, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ìyàwó ilé wo ló máa dìde níwájú Baálẹ̀ tó máa ní ọkọ òun ò fún òun lówó oúnjẹ látọjọ́ yìí? Tí wọ́n bá dá jókòó, á sọ ọ́, ẹlòmíì sì máa bá a sọ ọ́. Mo gbà pé apá àwọn obìnrin yìí ló máa ń mọ òótọ́ jù, torí àwọn ló mọ ẹni tó ń wá tọrọ iná tọrọ iyọ̀, wọ́n mọ ẹni tí kì í dáná lálẹ́ mọ́.

Ọjọ́ àti ibi tí wọ́n máa ti ṣe é náà ṣe pàtàkì. Kì í ṣe ilé olóṣèlú, kì í ṣe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, kí wọ́n lo iléèwé tàbí gbàgede tí Mùsùlùmí lè wọ̀ tí onísọ́ọ̀ṣì lè wọ̀. Kí wọ́n kéde ẹ̀ ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, ní sọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kí wọ́n lu agogo ládùúgbò, kí ẹnì kan sì fi ọ̀kadà lọ sọ fún àwọn tó wà lábà, torí àwọn ará abà yẹn gan-an ni nǹkan le fún jù tí wọn kì í gbọ́. Ẹ má fi í sọ́jọ́ ọjà. WhatsApp nìkan ò tó o, ẹni tí ẹ ń wá ò sí lórí WhatsApp.

Kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Ìbéèrè náà ò le: ládùúgbò tiwa yìí, kí la fi ń mọ ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún? Ìdáhùn kì í jẹ́ ìkan náà káàkiri. Lóko kòkó ní apá Oǹdó ó lè jẹ́ ẹni tó ń dá oko olóko tí kò ní ilẹ̀, lójú omi ní Ìlàjẹ ó lè jẹ́ ẹni tó ń yá ọkọ̀ ojú omi lò lọ́wọ́ ẹlòmíì, ní Èkó ó lè jẹ́ ẹni tí lándílọ́ọ̀dù ti lé jáde tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Opó tó ń dá tọ́ ọmọ kéékèèké, arúgbó tí ọmọ kì í fi nǹkan ránṣẹ́ sí, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ, ilé tí wọ́n ti yọ ọmọ kúrò níléèwé torí owó. Ẹ kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù. Ìdí ni pé tí ẹnì kan bá wá dárúkọ àbúrò ẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ ò ní láti bá a jà, ẹ kàn máa bi í pé èwo nínú ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù yìí ló bá a mu.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dárúkọ, ẹ wo àwọn tí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dárúkọ, àwọn yẹn ò ní wàhálà. Àwọn tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló dárúkọ wọn ni kẹ́ ẹ jókòó tì. Nígbà mí ì àwọn obìnrin mọ ohun tí àwọn ọkùnrin ò mọ̀, nígbà mí ì sì rèé ẹnì kan ló ti lọ bá àwọn ọ̀dọ́ lálẹ́ àná pẹ̀lú bíà.

Tí ẹnì kan bá gbé lísìtì tí wọ́n ti tẹ̀ tán wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan, ẹ má pariwo lé e lórí, ẹ jẹ́ kó kà á sókè. Orúkọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti ka ìkan, kí ẹnì kan béèrè pé ilé wo ló ń gbé, ta ló mọ̀ ọ́n níbí. Lísìtì irú ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tú, torí ìdajì nínú wọn ń gbé ní wọ́ọ̀dù míì, àwọn kan sì ní ṣọ́ọ̀bù méjì lójà tí gbogbo yín ti ń ra nǹkan.

Ti Baálẹ̀ àti àwọn olóyè náà ńkọ́? Ẹbí olóyè lè jẹ́ tálákà, kò sí ohun tó ní kí wọ́n yọ ọ́ torí orúkọ bàbá ẹ̀. Àmọ́ kí ẹlòmíì dárúkọ ẹ̀, kí olóyè yẹn fúnra ẹ̀ sì dákẹ́ títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ náà tán. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ náà, òfin yẹn kàn án.

Àwọn tí àdúgbò máa ń gbàgbé

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí àwọn tó jalè wọlé ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, wọn kì í sọ̀rọ̀ àwọn tí àdúgbò fúnra ẹ̀ yọ sílẹ̀ láìsí olóṣèlú kankan nídìí ẹ̀.

Ìyá tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ó ti darúgbó, àwọn ọmọ ẹ̀ ti kú tàbí wọ́n ti sá lọ, ó ń dá gbé, ẹnu ẹ̀ ò dáa, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wò ó, nínú ohun tí ẹ kọ sára bọ́ọ̀dù, mélòó ni ò bá a mu? Ìwà ò sí nínú ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ẹni tó bá ń bú èèyàn tí ebi ń pa á, ebi ló ń pa á.

Àwọn àlejò náà wà. Nínú àwọn oko wa, Ìgbìrà, Àgàtú, Ẹ̀gùn, Hausa, wọ́n ti ń gbé níbẹ̀ látìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti ń lọ iléèwé wa, wọ́n ń sọ Yorùbá ju ọmọ wa tó wà l'Ékòó lọ, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kọ orúkọ, ẹ máa gbọ́ “ti onílùú nìkan ni.” Rárá o, ibi tí èèyàn ń gbé ni ètò yìí ń wò, kì í wo ibi tí wọ́n sin bàbá ẹ̀ sí. Ká rántí pé àwọn èèyàn tiwa náà ń gbé nílùú onílùú.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹni tí wọ́n tì mọ́lé torí ó ní àrùn ọpọlọ, tàbí ọmọ tí kò lè rìn tí ẹbí ń tijú ẹ̀. Ẹ béèrè tààrà nípàdé pé ilé wo ló wà tí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kì í jáde.

Àwọn tó le jù fún mi láti sọ nípa wọn ni àwọn tí ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n wá. Tíṣà àná tí owó fẹ̀yìntì ò tíì dé ọwọ́ ẹ̀. Ìyá oníṣòwò tí ọjà ẹ̀ jóná tó ṣì ń wọ léèsì àtijọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ikú yá ju ẹ̀sín ni ti Yorùbá, tẹ́ ẹ bá pè é níwájú gbogbo èèyàn á ní “rárá, a dúpẹ́, ẹ fún àwọn tó nílò ẹ̀.” Irú àwọn yìí, kí obìnrin kan tó sún mọ́ wọn lọ bá wọn nílé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn láti dárúkọ wọn. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má fi ipá ṣe é.

Torí ìtìjú yìí kan náà, ẹ má ya fọ́tò lísìtì sórí gúrúùpù WhatsApp o. Kí wọ́n kà á sókè nípàdé, ó tó. Nọ́ńbà fóònù àti NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba) èèyàn kì í ṣe ohun tí gbogbo àdúgbò gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́, àwọn oní jìbìtì ń wá irú ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá wá sílé

Lẹ́yìn ìpàdé, ẹnì kan máa wá láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì, á máa béèrè ọ̀rọ̀: ẹ̀yin mélòó, ọjọ́ orí, ta ló lọ iléèwé, iṣẹ́, àìsàn, páànù tàbí koríko, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì, omi, ilé ìgbẹ́, igi ìdáná tàbí gáàsì, rédíò, ọ̀kadà, ewúrẹ́. Kọ̀ǹpútà máa wá fi gbogbo ìdáhùn yẹn fún ilé kọ̀ọ̀kan ní máàkì, á tò wọ́n látorí ẹni tí nǹkan le fún jù. Wọ́n ń ṣe é báyìí torí kò sẹ́ni tó lè rí ìwé owó oṣù alágbàro tàbí oníṣòwò ẹ̀fọ́ láti mọ iye tó ń wọlé fún un.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹ wò ó:

“Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé yìí?”
“Háà, ọmọ mi, a pọ̀ o. Wọn kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò jẹ́ kí n sin ìkankan.”
“Àṣẹ o, mà, Ọlọ́run á dá wọn sí. Àwọn wo ló sùn síbí mọ́jú òní, tẹ́ ẹ jọ jẹun nínú ìkòkò kan náà?”
“Mọ́jú òní? Èmi àti ọmọ ọmọ mi yìí náà ni.”

Tí ọmọ tó wá kọ ọ́ bá jẹ́ ẹni tó ń kánjú, á ti kọ méje tàbí mẹ́jọ sílẹ̀ kí màmá tó sọ̀rọ̀ tán, á kọ pé ọmọ kan ń ṣiṣẹ́ báǹkì n'Íbàdàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Torí náà kí ẹnì kan tó gbọ́ ọ̀rọ̀ jókòó ti àwọn àgbà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ ìkòkò kan ni ìdílé, ọmọ tó wà lẹ́yìn odi kì í ṣe ara ẹ̀, owó tó ń fi ránṣẹ́ sí i (tó bá ń fi ránṣẹ́) ni kẹ́ ẹ sọ.

Ilé olórogún wá ni wàhálà gidi. Bàbá kan, ìyàwó mẹ́ta, ìkòkò mẹ́ta, oníkálukú ń dá bọ́ ọmọ tiẹ̀. Tí wọ́n bá kọ gbogbo wọn bí ìdílé kan, owó kan ló máa dé, ìyáálé ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìyàwó kékeré á máa wò ó. Kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn kì í jọ dáná nínú ìkòkò kan, kó wo bí wọ́n ṣe ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ti tẹ bọ́tìnnì tán.

Páànù náà ní tiẹ̀. Màmá tó ń gbé ilé tí ọmọ ẹ̀ kọ́ kí ọmọ yẹn tó kú, páànù tuntun, tàìsì, fẹ́ńsì, ṣùgbọ́n inú ìkòkò ò ní nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà máa rí páànù, kò lè rí ìkòkò. Ẹ má parọ́ pé kò sí tàìsì, ẹ sọ ẹni tó nilé, ẹ sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé àdúgbò dárúkọ ẹ̀ nípàdé torí ẹnu àdúgbò nìkan ló lè sọ ohun tí ojú ò rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n pamọ́ sí ilé ẹlòmíì. Mi ò sí nínú ẹ̀. Rédíò kan tàbí fóònù kékeré kọ́ ló máa lé yín jáde, gbogbo ìdáhùn ni wọ́n ń rò pọ̀, ẹni tó sì gbé nǹkan pamọ́, aládùúgbò tó tún burú jù ú lọ ló ń gbapò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó tún ku ìkan. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Kò sí owó fọ́ọ̀mù, kò sí owó “ẹ fi mú inú wọn dùn,” wọn kì í sì fi líǹkì forúkọ sílẹ̀ fún ìwé yìí, àdúgbò lèèyàn ń gbà wọlé. Líǹkì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri pé ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ gba pálíétífù, ẹ pa á rẹ́.

NIN, akáǹtì àti fóònù

Ní oṣù kìíní ọdún 2024 wọ́n dá gbogbo sísan owó yìí dúró torí wàhálà tó ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o, ìgbà tí wọ́n wá padà, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí NIN ẹni tó ń gbà á àti akáǹtì tó jẹ́ tiẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú ìyẹn, ó dín àwọn orúkọ òkú àti orúkọ méjì-méjì kù, àmọ́ àwọn tó sọnù níbẹ̀ ni àwọn arúgbó tí ìka wọn ti họ débi pé ẹ̀rọ ò lè ka ìtẹ̀ka wọn mọ́ àti àwọn tí ò tíì rí ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, rí láyé wọn.

Ẹ ṣètò ẹ̀ ṣáájú. NIN gbígbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ẹni tó ti ní tó gbàgbé nọ́ńbà, kó tẹ *346# lórí síìmù tó fi forúkọ sílẹ̀. Kí orúkọ inú NIN àti ti báǹkì bára mu, torí Rísíkátù níbì kan, Rísí níbòmíì, orúkọ ọkọ níbì kan, orúkọ bàbá níbòmíì, owó ò ní wọlé. Ẹ ṣọ́ ọjọ́ ìbí gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀, torí àtúnṣe ọjọ́ ìbí wọ́n gan-an ju ti orúkọ lọ.

Fóònù wá ńkọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń lo nọ́ńbà ọmọ ọmọ wọn. Ọmọ yẹn lọ sí poly, síìmù bá a lọ, alẹ́ẹ̀tì wọlé, màmá ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ní ìjọba ò san. Kí nọ́ńbà jẹ́ ti màmá fúnra wọn, kó wà nínú fóònù kékeré. Wọ́n tún máa ń béèrè ẹnì kejì tó lè gbà á tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá lè wá, ẹ fi ẹni tí wọ́n jọ ń gbé sí i, ẹ má fi alága ẹgbẹ́.

Tí orúkọ ò bá jáde

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti já. Ṣé àdúgbò ò dárúkọ ẹ̀ ni, ṣé wọ́n dárúkọ ẹ̀ àmọ́ wọn ò wá sílé, ṣé wọ́n wá sílé tí máàkì ẹ̀ ò gbé e wọlé, àbí ó wọlé tí NIN ló ń dá owó dúró? Ìkọ̀ọ̀kan ní ibi tó yẹ kó lọ. “Wọ́n fi mí sílẹ̀” nìkan, kò sẹ́ni tó máa rí i ṣe.

Káńsù lẹ máa kọ́kọ́ lọ, ẹ béèrè òṣìṣẹ́ tó ń gba ẹ̀sùn lórí ètò yìí, ó yẹ kí ìkan wà. Tí kò bá fún yín lésì gidi, ẹ lọ sí SOCU ní olú ìlú ìpínlẹ̀ yín. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ rántí orúkọ yẹn nìyí: ní oṣù keje ọdún 2023 àwọn gómìnà ní ìpàdé National Economic Council ní àwọn ò gba ìwé yìí gbọ́, wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé Ábújá ló dá kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ SOCU tó kó orúkọ jọ, abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà. Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ Ábújá ni.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi sítáǹbù lu ìkan fún yín. Kò nílò gírámà:

“Èmi (orúkọ), ọmọ ọdún (iye), tí mo ń gbé ní (ojúlé, àdúgbò, wọ́ọ̀dù). Wọ́n dárúkọ ilé mi ní ìpàdé àdúgbò tí wọ́n ṣe ní (ibi) ní (oṣù àti ọdún). Èèyàn (iye) la wà nílé. Kò sẹ́ni tó wá sílé mi láti kọ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n wá, kí wọ́n sì fún mi lésì sí nọ́ńbà yìí.”

Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè sọ nǹkan kan, òfin Freedom of Information ti 2011 wà, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ lọ́dún 2025 pé òfin yẹn de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ẹ má béèrè orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ń gbà á, òfin yẹn kan náà dáàbò bo àṣírí èèyàn. Iye ilé tí wọ́n kọ ní wọ́ọ̀dù yín, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpàdé, àwọn tó darí ẹ̀, iye tó ti gbowó, ìyẹn ni kẹ́ ẹ béèrè. CDA tó bá kọ irú lẹ́tà yìí, wọ́n máa ń tètè dá a lóhùn ju èèyàn kan lọ.

Nínú gbogbo eléyìí o, ó wù mí ká máa fi ọjọ́ orí san púpọ̀ nínú owó yìí. Nígbà tí Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ owó àwọn arúgbó l'Ékìtì lọ́dún 2011, 5,000 náírà lóṣù, ọdún 65 sókè, ìlú lè jíròrò lórí ọjọ́ orí ẹnì kan kí wọ́n sì yanjú ẹ̀, kò ju kí wọ́n béèrè ta ni ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀, èèyàn lè jiyàn lórí ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ èyí tó wà nílẹ̀ la ń lò.

Tí ẹnì kan tó wà nínú ìwé bá kú, ẹ má gbé e pamọ́ kẹ́ ẹ máa retí alẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ẹ sọ fún káńsù, kí wọ́n yí orúkọ sí ti ẹni tó kù nínú ìdílé yẹn. Tí wọ́n bá sì sọ fún yín pé ìwé ti kún, ẹ béèrè oṣù tí wọ́n máa tún wá sí wọ́ọ̀dù yín, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà tí wọ́n fi sítáǹbù lù yẹn.